Ọ̀gá Bẹ́ẹ̀ni àti Ẹ̀rọ Omi Orí Òkè

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ wá jókòó sídìí ẹsẹ̀ mi níbí, kí ohùn mi má baà rìn jìnnà kó tó dé etí yín. Ìwọ tó ń ti ọmọnìkejì rẹ, fi í sílẹ̀, àyè pọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti gbádùn ìtàn mi báyìí? Ẹ gbọ́ nǹkan! Gbogbo yín ní "bẹ́ẹ̀ni," bẹ́ẹ̀ mi ò tíì sọ ìtàn kankan. Irú bẹ́ẹ̀ni yẹn gan-an ló kó ọkùnrin kan sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Ọ̀gá ọ́fíìsì omi ni ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é kúkúrú bẹ́ẹ̀ o! Oyè rẹ̀ gùn débi pé ẹni tó ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ kò rí àyè kọ ọ́ tán. Ògiri ló fi parí rẹ̀. Nígbàkígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, oyè Ọ̀gá a pín sí méjì: "Olùdarí Àgbà Pátápátá fún Omi" a bá ilẹ̀kùn wọlé, "àti Gbogbo Ohun Tó Bá Tutù" a dúró síta lára ògiri, bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́lé.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Bẹ́ẹ̀ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é o, ta ló fẹ́ kú? Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ni ló fi ń jí, òun ló fi ń sùn. Bó bá wọlé láàárọ̀, a na apá rẹ̀ méjèèjì, a ní, "Ṣé ẹ rí i bí aṣọ yìí ṣe bá mi mu?" Wọn a ní, "Bẹ́ẹ̀ni, sà." "Ǹjẹ́ kì í ṣe ìgbà tí mo dé ipò yìí ni òjò ti ń rọ̀ dáadáa?" "Bẹ́ẹ̀ni, sà!" Igbákejì rẹ̀ a tún fi tirẹ̀ kún un pé, "Ẹ tún máa ń jẹ́ kó dá lásìkò, sà."

Igbákejì yìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ṣáájú ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá ní, "Ìyá mi ò sùn lánàá," kó tó sọ pé ara ìyá náà ni kò yá, igbákejì ti bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú Ọ̀gá, ó sọ ẹ̀rín náà di ikọ́. Kí ẹnikẹ́ni má baà fura, ó wúkọ́ títí iṣẹ́ fi parí, ó sì tún wúkọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ọ̀gá ni kí ẹ bá mi wò. Obìnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ìwé, Ìyá Atẹ̀wé la ó máa pè é. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì rọ. Ìyá tó bí i lọ́mọ ń gbé ní òpópónà orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn òkúta ogóje kí wọ́n tó dé. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lórí òkè náà, iwájú ilé ìyá yìí gan-an ló sì wà. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá ni láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ. Màmá mọ iye rẹ̀ nítorí orúnkún rẹ̀ ló ń kà á fún un lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àgbà pé àwọn àlejò mẹ́ta ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ omi. Ọ̀gá bá pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ.

Ó ní, "Bí àlejò bá dé, kí ni wọn yóò kọ́kọ́ rí? Ẹnu ọ̀nà wa gbẹ bí ètè aláìsàn! Omi gbọ́dọ̀ máa tú yàà níwájú ọ́fíìsì yìí, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò kó ta sí wọn lára díẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni omi."

Ọkùnrin tó ń tún páìpù ṣe na ọwọ́ sókè. "Páìpù kan ṣoṣo la ní, sà. Bí omi bá máa tú níbí, àfi ká gé ti orí òkè, ká gbé ẹ̀rọ wọn wá síbí."

"Ó tán àbí? Ẹ gbé e wá."

"Àwọn ará orí òkè ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé àyà. "Èmi ni ẹ ń bi? Èmi tí mi ò jẹ́ ṣe ohun tí ará ìlú kò bá fẹ́? A ó bi wọ́n! Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ, ẹ̀yin ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò rí irú Ọ̀gá yìí rí, tí í béèrè ọ̀nà lọ́nà tó jẹ́ pé ilé tirẹ̀ nìkan ni ọ̀nà náà lè já sí.

Ó ní kí Ìyá Atẹ̀wé tẹ ìbéèrè tí wọn yóò gbé lọ sórí òkè, ọgọ́rùn-ún ìwé fún ọgọ́rùn-ún ilé. Obìnrin yìí jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: "Ṣé ẹ fẹ́ ká gbé ẹ̀rọ omi orí òkè wá síwájú ọ́fíìsì, àbí ẹ fẹ́ kó dúró síbi tó wà?"

Ọ̀gá fi ìka méjì mú ìwé náà bí ẹni mú aáyán níyẹ̀ẹ́.

"Kí nìyí? Ènìyàn lè dáhùn rárá sí èyí!"

"Ṣé kì í ṣe ìdí tí a fi ń béèrè nìyẹn, sà?"

Igbákejì ti rẹ́rìn-ín kó tó mọ ẹni tó yẹ kó fi ṣẹ̀sín. Ọ̀gá mọ́jú sí i, igbákejì bá wúkọ́.

"Ìyá Atẹ̀wé," Ọ̀gá wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ ti sú, "ìbéèrè dà bí ilé. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń yan ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí. Tẹ èyí tí mo bá pè."

Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń pè é lọ́rọ̀ lọ́rọ̀. Ohun tó jáde nìyí: "Gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí àlejò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ó wù yín kí ẹ̀rọ omi wà ní ipò tó dùn ún wò?" Ó ní kí wọ́n ya àpótí kékeré mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹni tó bá ń dáhùn fi máàkì sí ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́: Bẹ́ẹ̀ni. Ìkejì: Bẹ́ẹ̀ni gan-an. Ìkẹta: Bẹ́ẹ̀ni, ẹ tilẹ̀ ti pẹ́ jù.

"Rárá ńkọ́, sà?" Ìyá Atẹ̀wé béèrè.

"Ìwé ò gbà á," ni Ọ̀gá dáhùn. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, ìdajì ìwé náà ló ṣófo.

Wọ́n gbé ìwé gun òkè láàárọ̀, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́sàn-án. Ọgọ́rùn-ún ilé, ọgọ́rùn-ún bẹ́ẹ̀ni! Ọ̀gá ní kí wọ́n kà wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa lu agogo sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì máa pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa ka àádọ́rin, ẹni tó ń lu agogo ti ń fi ọwọ́ òsì lù ú.

"Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!" igbákejì pariwo. "Sà, bí iye ènìyàn bá ju ènìyàn lọ ni, ẹ̀ ò bá rí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbà!"

Ọ̀rọ̀ yìí ò yé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n pàtẹ́wọ́ sí i. Ọ̀gá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí wọ́n gé páìpù, nítorí Ọjọ́ Ẹtì làwọn àlejò ń bọ̀.

Bí iṣẹ́ ṣe parí, Ìyá Atẹ̀wé gun àtẹ̀gùn ogóje lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Inú Màmá ń dùn, ó ti gbé àga síta.

"Ọmọ mi, o ò gbọ́! Wọ́n wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ lónìí. Ìbéèrè gidi, pẹ̀lú bírò! Ọmọ tó wá náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì."

"Kí lẹ wá sọ, Màmá?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ni, ẹ tilẹ̀ ti pẹ́ jù! Ta ni kò fẹ́ ohun tó dùn ún wò? Àbí o ò rí bí ìpẹtà ṣe jẹ ẹ̀rọ wa? Mo sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé wọ́n fẹ́ wá kùn ún lọ́dà. Alágbàfọ̀ ní àwọ̀ ewé ló wu òun, èmi mú àwọ̀ ojú ọ̀run. Díẹ̀ ló kù ká jà."

Ìyá Atẹ̀wé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, wọ́n fẹ́ gbé e lọ ni."

"Gbé kí ni lọ?"

"Ẹ̀rọ omi. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ síwájú ọ́fíìsì wa, ní ìsàlẹ̀."

Màmá wo ẹ̀rọ náà, ó wo orúnkún rẹ̀, ó wo ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀rọ ni wọ́n bi mí," ó wí. "Wọn ò bi mí nípa orúnkún mi. Ta ló kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀gá ló pè é." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Àwọn wọ̀nyí ló tẹ̀ ẹ́, Màmá."

Ẹ̀yin ọmọ, ìyá mìíràn ìbá gbá a létí. Màmá di ọwọ́ méjèèjì náà mú, ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn. "Wọn ò tíì gé," ó ní. "Ọwọ́ tó tẹ ọ̀kan lè tẹ òmíràn."

Ọlọ́run ò sì jẹ́ kó pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá pe Ìyá Atẹ̀wé. Oúnjẹ ìyìn ò yó o. Ó ní ọgọ́rùn-ún kan kéré lójú àlejò, òun fẹ́ igba.

"Tẹ ìbéèrè mìíràn lórí ẹ̀rọ omi kan náà, kí wọ́n gbé e lọ sí àwọn ilé kan náà. Ohun yòówù kó jẹ́, ṣáà rí i pé bẹ́ẹ̀ni ni wọn yóò dáhùn."

"Ohun yòówù kó jẹ́, sà?"

"Ohun yòówù!"

"Ẹ ó kà á kí n tó fi ránṣẹ́, sà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Èmi ti kọjá ẹni tó ń ka ìbéèrè. Ìdáhùn ni mò ń kà. Mú ìwé wá kí n buwọ́ lù ú." Ó buwọ́ lu ìwé tó ṣófo, ó gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ó padà sídìí tíì rẹ̀.

Ìyá Atẹ̀wé jókòó síwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lé e, iṣẹ́ tán. Bí kò bá sì tẹ nǹkan kan, omi Màmá tán. Ó fẹ ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́: "Gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí arúgbó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ṣé ó wù yín kí ẹ̀rọ omi orí òkè dúró síbi tó wà?" Àpótí mẹ́ta náà ló yà sí i: Bẹ́ẹ̀ni. Bẹ́ẹ̀ni gan-an. Bẹ́ẹ̀ni, ẹ tilẹ̀ ti pẹ́ jù. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìbéèrè tòun náà kò sàn ju ti Ọ̀gá lọ. Ilé onílẹ̀kùn kan ni méjèèjì.

Ìyẹn náà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀: ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Agogo dún, àtẹ́wọ́ dún. Ọ̀gá fi ìwé méjèèjì sínú fáìlì kan, ó dì í ní ọ̀já pupa, ó fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àgbà pẹ̀lú lẹ́tà pé, "Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, ará ìlú ti sọ bẹ́ẹ̀ni fún mi nígbà igba. Ẹ fi mí wé ẹni tó bá tún kù."

Kò ka ìbéèrè kejì. Igbákejì náà kò kà á, torí Ọ̀gá kò kà á. Àwọn ọ́fíìsì àgbà kà á.

Dípò Ọjọ́ Ẹtì, Ọjọ́rú làwọn àlejò dé, nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ́n ọkọ́ tí wọn yóò fi hú páìpù lọ́jọ́ kejì. Obìnrin àgbà kan tó wọ awò ojú ni olórí wọn, ọkùnrin méjì sì tẹ̀lé e pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé. Ọ̀gá sáré wọ kóòtù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ojú tó ń ríran fún gbogbo wa! Ọ́fíìsì yìí ti ń gbẹ nítorí àìrí yín! Èmi tí ẹ ń wò yìí, bí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, mi ò jẹ́ mumi títí ará ìlú fi—"

"Ẹ ṣeun," obìnrin náà wí, ó jókòó. Ó tú ọ̀já pupa, ó yọ ìwé méjì. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka àwọn wọ̀nyí sókè."

Ọ̀gá ha ọ̀fun, ó ka ti àkọ́kọ́ bí ẹni ń ka ìwé àṣẹ. Igbákejì pàtẹ́wọ́. Ó bọ́ sí ìkejì: "Gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí tó fẹ́ràn ìyá rẹ̀..." Ohùn rẹ̀ lọ sókè fún "arúgbó," ó rọ̀ díẹ̀ ní "àtẹ̀gùn," nígbà tó máa fi dé "dúró síbi tó wà," àfi bí ẹ̀fọn. Igbákejì tún ti ń pàtẹ́wọ́ ní tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúró sínú afẹ́fẹ́, wọn ò mọ ibi tí àwọn ì bá gbà padà sílé.

"Àwọn ènìyàn kan náà," ni àlejò wí, "láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Wọ́n ní ẹ gbé e kúrò, wọ́n ní ẹ fi í sílẹ̀. Èwo ni ká ṣe?"

Òógùn bo Ọ̀gá. "Màdáàmù, ìyẹn fi hàn pé ọkàn ará ìlú wa ṣọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì." Ìgbà tó rí i pé kò tà, ó yí padà. "Ìyá Atẹ̀wé ni! Òun ló tẹ̀ ẹ́! Mo lé e kúrò níṣẹ́ láti ìsinsìnyí!"

Ìyá Atẹ̀wé jáde láti yàrá rẹ̀. "Èmi ni mo tẹ méjèèjì, mà. Ọ̀gá ló buwọ́ lu méjèèjì. Ìyá mi ló wà lórí òkè."

Obìnrin àgbà náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ìbéèrè tìrẹ náà kò mọ́, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Báwo lo ṣe rò pé ó yẹ ká bi wọ́n?"

Kò sí ẹni tó bi í ní irú rẹ̀ rí nínú ọ́fíìsì yẹn. "Ká lọ bá wọn, mà. Ká ní kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń lo omi. Ká wá pa ẹnu wa mọ́."

Ni wọ́n bá gbéra. Ẹ ò rí Ọ̀gá lórí àtẹ̀gùn! Ó sinmi ní ogún, ó sinmi ní ogójì. Ní ọgọ́ta ó bọ́ kóòtù. Ìgbà tí wọ́n dé ọgọ́rùn-ún, àlejò bi igbákejì pé, "Ṣé ó rẹ̀ yín?" Igbákejì wo ojú Ọ̀gá kó lè mọ̀ bóyá ó rẹ òun.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n jókòó síwájú ilé Màmá. Obìnrin àgbà náà kí i tán, ó ní, "Ẹ sọ fún wa, Màmá, báwo lẹ ṣe ń rí omi lò?" Ó sì dákẹ́.

Háà, ẹ̀yin ọmọ! Ẹ má dán irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wò bí ẹ bá níbi tí ẹ ń lọ!

Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó lóyún Ìyá Atẹ̀wé, tó ń gbé korobá gun àtẹ̀gùn. Kó tó dórí ọjọ́ tí oyún pé, alágbàfọ̀ ti dé, ó ní ọwọ́ ẹ̀rọ náà ń dún bí ọ̀bọ. Aláboyún kan dé, onígbàjámọ̀ dé. Ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tó ní òun fẹ́ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ méjì péré, kúrò lẹ́nu fèrèsé òun. Wọ́n bá ara wọn jiyàn, wọ́n bá ara wọn rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n tan àtùpà. Bí àlejò bá ti ń gbé ìdí sókè, ẹnìkan a ní, "Mà, ẹyọ kan ló kù." Ẹyọ kan náà a bí mẹ́ta.

Ọwọ́ àwọn ọkùnrin méjì tó ń kọ̀wé wú. Obìnrin náà bá yíjú sí Ọ̀gá. "Ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kì í ṣe ohun tí ará ìlú kò fẹ́, ṣé ó wù yín láti bá wa kọ ọ́?"

Ta ló lè ní rárá? Ọ̀gá gba bírò. Ó kọ ọ́ títí àkùkọ fi kọ.

Nígbà tí ojú ọ̀run ń pọ́n, àlejò dìde. Ó ní ẹ̀rọ ò ní kúrò lórí òkè. Ìṣísẹ̀ méjì ni wọn yóò sún un, wọn yóò sì fi òróró sí ọwọ́ rẹ̀. Ìyá Atẹ̀wé ni yóò tẹ gbogbo ohun tí wọ́n kọ lóru yìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè lé e. Ó wá yọ ìwé kan, ó kọ nǹkan sí i, ó gbé e síwájú Ọ̀gá: "Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá tó fẹ́ràn ará ìlú, ṣé ó wù yín láti fi àga ọ́fíìsì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ẹ máa gun òkè yìí lójoojúmọ́ wá kọ ohun tí wọ́n bá sọ?" Àpótí mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀.

Ọ̀gá wá Rárá ní iwájú ìwé. Ó yí i padà, ó wá a lẹ́yìn. Ó fi máàkì sí ti àkọ́kọ́.

"Ìkẹta ló yẹ kó mú," ni Màmá wí. Igbákejì ti rẹ́rìn-ín kí Màmá tó sọ ọ́ tán. Ìyẹn nìkan ni ọjọ́ tí ẹ̀rín rẹ̀ bọ́ sákòókò.

Màmá gbé korobá, ó rin ìṣísẹ̀ rẹ̀ mọ́kànlá, ó pọnmi, ó rin mọ́kànlá padà. Ó jókòó.

"Níbo la dé?"

"Ibi tí oyún ti pé oṣù mẹ́sàn-án, Màmá," Ọ̀gá dáhùn, bírò lọ́wọ́.

"Ó dáa. Kọ ọ́ kó hàn o."

Ìyá Atẹ̀wé fi àtùpà sin àwọn àlejò dé orí àtẹ̀gùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ gbá orúnkún mú, aládùúgbò kan sì ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pé, "Mà, ẹyọ kan ló kù." Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, wọ́n jí awakọ̀ wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò gbàgà, wọ́n lọ.